Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta pọ́ǹpù epo mọ́tò: èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni wọ́n tà fún mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra pọ́ǹpù epo sí mọ́tò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó dúró kó ka eléyìí ná. ₦78,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 78! Láti ọjọ́ Sátidé ni oorun ò ti kun ojú mi dáadáa.

Camry 2005 ni mò ń wà, èyí tá à ń pè ní Big Daddy. Bí mo bá ti ra epo kún táǹkì, òórùn bẹntiróòlù á gba inú mọ́tò kan, pàápàá lẹ́yìn níbi táwọn ọmọ ń jókòó. Tí epo bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, òórùn á rọlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà, èmi ni mi ò mọ̀. Ọmọ mi obìnrin bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà ilé ìwé, mo ní ibà ni. Ibà! Mo ti fún un lóògùn ibà kí n tó mọ̀ pé bẹntiróòlù ló ń fà símú láràárọ̀.

Mekáníìkì mi wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi ọṣẹ gbígbẹ ra ìdí táǹkì, ó ní ó ti tán. Kò tán. Ló bá ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, pé òun mọ ẹnì kan tó ń ta ojúlówó. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi bá a lọ.

Ọlọ́jà yẹn dọ̀bálẹ̀ kí mi. “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mí. Tòkunbọ̀ gidi ni, kò tíì fẹnu kan epo Nàìjíríà rí.” Ó yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ó ń dán bíi ṣíbí tuntun. ₦85,000 ló pè é, mo ná an títí ó fi gba ₦65,000. Inú mi tún ń dùn pé mo mọ ọjà ná! Mekáníìkì gba ₦13,000 owó iṣẹ́. Ọlọ́jà wá ní kí n fi ti àtijọ́ sílẹ̀, pé kò wúlò mọ́, òun á bá mi dà á nù. Mo sì fi sílẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá mọ́tò wá, tí kò ṣe mí ní nǹkan kan!

Lọ́jọ́ kejì, òórùn yẹn le sí i. Kí n tó ti Bódìjà dé Mọ́níyà, orí ti ń fọ́ mi, ojú ń ta mí. Mo pe ọlọ́jà, ó ní kí n ṣí wíńdò, pé òórùn páàtì tuntun ni. Òórùn páàtì tuntun! Mo tún pè é, kò gbé e mọ́. Mekáníìkì ní ọlọ́jà ni kí n lọ bá. Àwọn méjèèjì ti pín owó mi, ohun tí mo gbà nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yí mi lérò padà.

Àbúrò mi tó ń ṣe ráwáyà ló wá gbé àga ẹ̀yìn, ó ṣí irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí orí pọ́ǹpù ti yọ lókè táǹkì. Orí pọ́ǹpù tutù rin-rin-rin, eruku ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀ dúdú. Ó fi èékánná ha á, ọ̀dà ṣí kúrò. Ike tó wà nísàlẹ̀ ọ̀dà ti là ní ọrùn ibi tí ọ́ọ̀sì ń wọ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, bẹntiróòlù sì ti jẹ gọ́ọ̀mù náà títí ó fi rọ̀ bí àbẹ́là tó rí oòrùn. Mo fọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Ohun tó wá mú omi bọ́ lójú mi ni rọ́bà róbótó tó yẹ kó dí etí ihò tí pọ́ǹpù gbà wọ inú táǹkì. Ti àtijọ́ ni wọ́n dá padà síbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti sán wẹ́wẹ́. Rọ́bà yẹn ni àìsàn mọ́tò mi látìbẹ̀rẹ̀. ₦3,500 ni mo ra òmíràn.

Ẹ má wá sọ fún mi pé ojú mi ò là. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wa mọ́tò. Ta ni kì í gbọ́rọ̀ sí mekáníìkì rẹ̀ lẹ́nu? Ṣùgbọ́n mi ò gba rìsíìtì. Mi ò fi èékánná ha nǹkan kan. Mi ò ní kí wọ́n gbé àga kí n fojú ara mi rí i. Ìyẹn ń dùn mí ju owó lọ. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tọ́rọ́ tọ́rọ́ ni mò ń fi ra epo, tèmi ń jò sábẹ́ ìdí àwọn ọmọ mi.

Ẹ tètè gbọ́ èyí: bí òórùn bá pọ̀ nígbà tí táǹkì kún, orí táǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, rọ́bà yẹn àti ọrùn pọ́ǹpù. Bó bá jẹ́ iwájú ló ti ń rùn bẹ́ ẹ ṣe ń tan mọ́tò láàárọ̀, ọ́ọ̀sì epo tàbí rọ́bà ìdí nọ́sùlù, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo ìdérí ẹnu táǹkì náà. Bí ẹ̀rọ ilé epo bá ti dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fún epo kún un. Ẹ má tan iná wò ó láé. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ mọ́tò ló ń jókòó sí, bí wáyà bá ta iná fírí báyìí, ó tó. Ẹ má sì fi páàtì yín àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní olóòótọ́ wà láàárín àwọn ọlọ́jà páàtì. Ọkàn mi ò lè gbà á lónìí. Gbogbo “ọmọ yín ni mí” wọn yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Mọ́tò wà nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá làwọn ọmọ ń wọ̀ lọ síléèwé. Pọ́ǹpù alẹ̀mọ́ náà wà nínú ọ̀rá lẹ́yìnkùlé, torí mi ò lè gbé e wọlé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti àbúrò mi ń gbé e padà lọ. Pọ́ǹpù mi àtijọ́ ni mo fẹ́ gbà. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́ ọlọ́jà páàtì, kó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀ níbí kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé.