Ìgò méjì tí mo fi tọ́jú ìjókòó awọ ọkọ̀ mi, àti ohun tó ṣe léèsì ìyá mi

Léèsì funfun ni ìyá mi wọ̀ lọ́jọ́ náà. Tuntun ni. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ télọ̀, torí yìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la ń lọ ní Òmù-Àrán. Nígbà tí a débẹ̀, tí mo ṣílẹ̀kùn fún wọn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ figbe ta. Láti ìdí títí dé itan, ìró funfun yẹn ti di àwọ̀ tíì, ó sì ń dán bí ẹni pé wọ́n jókòó sínú òróró. Ìyá mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn bọ́ ìborùn èjìká wọn, wọ́n ró o lé ìró náà, wọ́n sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn títí wọ́n fi so yìgì tán.

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú mi ò sì tíì rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n màá sọ òtítọ́: láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ Toyota Avalon yìí ní tòkunbọ̀, ìjókòó rẹ̀ ò dára tó báyìí rí.

Ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìlọrin mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe ètè àti gìgísẹ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe awọ. Etí ìjókòó dẹ́rẹ́bà, ibi tí mo máa ń fi ìdí rà kọjá tí mo bá ń wọlé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Eruku ti wọ ojú ìrán, epo àkàrà àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, àwọ̀ tíì onímílíìkì tó ní nígbà tí mo rà á sì ti di àwọ̀ eérú. Mo sì mọ ẹni tó dá kún un. Àwọn ọmọ tó ń bá mi fọ ọkọ̀ máa ń po ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sínú omi, wọn á sì fi kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ táyà nu ìjókòó. Awọ fẹ́ràn ohun tó kan díẹ̀. Tí wọ́n bá wọn pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó), bíi 4 sí 5 ni. Ọṣẹ ìfọṣọ ju 9 lọ, ọṣẹ dúdú náà kò jìnnà sí i. Tí wọ́n bá ń fi irú rẹ̀ pa á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó bo ojú awọ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sanwó fún wọn láti bà á jẹ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Táíwò tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀ṣọ́ ọkọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Páálí kan, ìgò méjì: èkíní ọṣẹ awọ, èkejì ìpara awọ, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ kan àti tówẹ̀lì kékeré kan. 14,500 náírà. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi èkíní fọ̀ ọ́, ẹ fi èkejì pa á, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó mu ún. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dára tó." Mo bi í pé ṣé mi ò ní nù ún. Ó ní rárá, pé tí mo bá nù ún, owó mi ni mo nù dànù. Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí mo gba rìsíìtì. Ó ní, "Wàláì, ẹ fi sílẹ̀." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ọṣẹ awọ náà nìkan, ká ní òun nìkan ni mo rà, ìyìn ni gbogbo èyí ì bá jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fọ̀ ọ́, lábẹ́ igi máńgòrò, nígbà tí ìjókòó ti tutù. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyanrìn kúrò nínú ojú ìrán, torí tí èèyàn bá fi omi kan iyanrìn, á máa ha awọ bí ẹni fi pépà oníyanrìn ha igi. Orí búrọ́ọ̀ṣì ni mo fín ọṣẹ sí, mi ò fín in sára ìjókòó, torí àárín ìjókòó mi ní ihò wẹ́wẹ́, tí omi bá wọ ibẹ̀, inú fóòmù ló ń lọ. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì yípo jẹ́jẹ́. Fóòmù ọṣẹ náà funfun bí òwú nígbà tó jáde. Kí n tó yípo ní ìgbà mẹ́wàá, ó ti di àwọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀wà. Mo nù ún, mo sì rí i: ibi tí mo nù ti mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú, ààlà wà láàárín méjèèjì bí ẹni fi rúlà fa á. Mo pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná kó wá wò ó. Ó ní, "Àwọ̀ tó ní nìyí?" Ó tó ọdún mẹ́ta tó ti ń jókòó síbẹ̀, kò sì mọ àwọ̀ ìjókòó rẹ̀.

Mo ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n abọ́ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, títí mo fi parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgò náà ò tíì dé ìdajì. Ṣùgbọ́n tówẹ̀lì kan péré ni wọ́n fi sínú páálí, èmi náà ò sì ní ju ẹyọ kan sí i lọ. Nígbà tí mo fi dé ìjókòó iwájú lápá ọ̀tún, ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí, tówẹ̀lì méjèèjì ti dọ̀tí ju ohun tí wọ́n ń nù lọ.

Mo wá gbé ìgò kejì. Mo fi pa gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Ó ń dán, ó ń ta sánsán. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Ní àárọ̀ Jímọ̀, ó ṣì tutù lọ́wọ́. Mo rò pé ó ṣì ń mu ún ni.

Ọjọ́ Sátidé la mú ọ̀nà Òmù-Àrán pọ̀n. Kí a tó dé Ìdọ̀fìàn, màlúù sọdá, mo tẹ bíréèkì. Ìyá mi yọ̀ lórí ìjókòó bí ọṣẹ ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, eékún wọn kan dáṣíbọ́ọ̀dù, ìgbànú ọkọ̀ sì fà wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí lo fi sórí àga yìí?" Mo ní ìpara ni, Màámi, á gbẹ. A kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, oòrùn mú, inú ọkọ̀ gbóná, ìpara tí kò gbẹ náà sì ń yọ́ ìdọ̀tí tó kù nínú ihò awọ àti ojú ìrán, ó ń fà á sókè sára léèsì funfun. Mi ò mọ̀ títí a fi débẹ̀.

Láti Òmù-Àrán ni mo ti kọ́kọ́ pe ṣọ́ọ̀bù náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin náà gbé e, ó gbọ́ tẹnu mi, ó ní kí n pe Alájì, ọ̀gá wọn. Alájì ò gbé e. Mo fi fọ́tò léèsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp; àmì méjèèjì di búlúù, kò sí èsì. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣí i. Mo mú rìsíìtì, mo mú ìró náà nínú ọ̀rá. Alájì wò ó fìrí, ojú wọn padà sórí fóònù. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà, ẹ wo ara ògiri." Lóòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní mi ò wá dá ọjà padà, àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi ló ba aṣọ jẹ́. Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà, mo ní, "Ṣé o ò sọ fún mi pé kí n má nù ún?" Ó wo Alájì, ó wolẹ̀. Ó ní òun ò rántí. Alájì wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé: "Ṣé èmi ni mo ní kí Màámá wọ funfun ni?"

Mi ò dáhùn. Bí mo bá dáhùn, ọ̀rọ̀ ì bá di ohun mìíràn. Mo ká ìró náà, mo jáde.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló sáré tẹ̀lé mi dé ìdí ọkọ̀. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìgò ìpara yẹn dà?" Mo yọ ọ́ nínú búùtù. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó fi èékánná họ bébà iye owó tí ṣọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó họ ọ́ jẹ́jẹ́, igun kan lẹ́yìn igun kan, títí ó fi ká kúrò. Abẹ́ bébà yẹn gan-an ni àlàyé wà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà: kí èèyàn pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó dúró fún ogún ìṣẹ́jú, kó sì fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo èyí tó bá kù kúrò. Èmi àti òun jọ ń wò ó. Ó ní, "Gbogbo ìgò tó wà lórí pẹpẹ la lẹ̀ ẹ́ báyìí."

Ó bi mí ibi tí mò ń gbé, mo ní Gáà-Akanbí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kadà gbé e dé ẹnu géètì mi. Tówẹ̀lì mẹ́jọ ló kó wá, gbogbo rẹ̀ funfun, ó ní funfun ló yẹ kí n máa lò, kí n lè rí ohun tó ń jáde. Bí àwọ̀ ìjókòó fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá tówẹ̀lì lọ, ká dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ká máa bá a lọ. Ìdọ̀tí ni.

Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ti ìka bọ omi, ó sì kán ẹ̀kán kan sórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tó mọ́. Omi náà dúró róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní kí n wò ó. Ó ní ìyẹn fi hàn pé wọ́n ti fi ọ̀dà bo ojú awọ yìí, wọ́n sì tún fi nǹkan fẹ́lẹ́ bíi rọ́bà bò ó lórí. Bí ti ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ọkọ̀ òde òní ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe bí awọ bàtà tàbí àpò tí àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú wa ń rán, tó máa ń fa òróró mu. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ni, omi á wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ á sì dúdú. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi ò lè mu ju díẹ̀ lọ. Èyí tó kù, orí rẹ̀ ló máa wà, yóò máa kó eruku, yóò sì máa dúró de aṣọ ẹni tó bá jókòó. Ó tún fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ìjókòó, ó ní ìwọ̀nyẹn kì í ṣe awọ rárá, rọ́bà tí wọ́n ṣe bí awọ ni, ìpara ò wúlò fún un. Mo ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò pa rọ́bà.

Wákàtí méjì àbọ̀ la fi ṣe é. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ awọ náà díẹ̀, tówẹ̀lì tó bá ti dọ̀tí kì í padà sórí ìjókòó. Nígbà tó gbẹ, ó ní kí n fún òun ní ìpara, ìwọ̀n owó ẹyọ kan lórí kànìnkànìn ló lò fún odidi ìjókòó kan. Ogún ìṣẹ́jú, ó nù ún. Mo fi ọwọ́ pa á: kò dán, kò yọ̀, ó rọ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ìdarí ọkọ̀ náà, ọṣẹ nìkan, ó ní ká má fi ohun tó ń yọ̀ kan ibẹ̀ láé. Mo na 5,000 náírà sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ọ̀kadà nìkan." Ọlọ́run á ṣe é ní ẹni ńlá nídìí iṣẹ́ yìí. Mo gbàdúrà yẹn sójú rẹ̀, mo sì tún ń gbà á níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ rà á. Ó dára. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara pamọ́, lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́yìn ìgbáralé. Ẹ ra tówẹ̀lì funfun tó pọ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Èmi á ṣe é kí ọyẹ́ tó wọlé, màá sì tún un ṣe tó bá lọ. Etí tó ti là kò padà di bó ṣe wà, kò sí ìpara tó lè mú awọ tó ti là pa dé, ṣùgbọ́n kò là sí i. Ẹ sì họ bébà iye owó kúrò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Máàkì mi: 2 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ nípa ọṣẹ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n páálí tí wọ́n tà fún mi, pẹ̀lú àlàyé tó wà lẹ́nu wọn àti èyí tí wọ́n fi bébà bò mọ́lẹ̀, ni mò ń fún ní máàkì. Léèsì ti lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbàwọ́n ṣì wà níbẹ̀. Alájì ò sì tíì pè mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé ìyá mi lọ sí Ọjà Ọba. Mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú ìjókòó látòkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n yí ọwọ́ wọn wò dáadáa, kí wọ́n tó jókòó.