Nokia 5300 àti Sony Ericsson W580i: Èwo nínú Fóònù Síláìdì Olórin Méjèèjì Ni Kẹ́ Ẹ Rà?

Àwọn tó ń wá fóònù síláìdì olórin tún ti ń pọ̀ sí i. Ẹlòmíràn fẹ́ fóònù kejì tí WhatsApp kò ní lè bá a débẹ̀. Ẹlòmíràn ń wá èyí tó máa fún ọmọ tí iléèwé ẹ̀ kì í gba fóònù ńlá láàyè. Ẹlòmíràn sì rèé, nígbà tí fóònù ọ̀hún wà lóde, kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀. Owó ti wá dé báyìí, ọkàn ẹ̀ ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Orúkọ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: Nokia 5300 XpressMusic, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006, àti Sony Ericsson W580i, ọ̀kan lára àwọn Walkman, ìyẹn àwọn fóònù olórin Sony Ericsson, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007.

Kẹ́ ẹ tó ka ohun tí àwọn oníbàárà sọ nípa wọn, ẹ wo ìgbà tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù lọ́sẹ̀ kan, àwọ̀ ẹ̀ ló máa yìn, á yin kámẹ́rà, á ní orin ẹ̀ ń dún kíkankíkan. Ẹni tó ti lò ó fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í rántí kámẹ́rà mọ́. Ọ̀rọ̀ bátìrì ló máa sọ, ọ̀rọ̀ bọ́tìnì, ọ̀rọ̀ íápíìsì tó bàjẹ́ tí kò rí irú ẹ̀ rà. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà lónìí ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyé, nítorí náà ẹnu àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ohun tó wà lára àwọn méjèèjì nìyí:

| | Nokia 5300 | Sony Ericsson W580i |
|---|---|---|
| Ìwúwo | gíráàmù 106.5 | gíráàmù 94 |
| Nínípọn | mm 20.7 | mm 14 |
| Kámẹ́rà | mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 1.3 | mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 2 |
| Mẹ́mọ́rì káàdì | microSD, kò kọjá 2GB | Memory Stick Micro (M2) |
| Ojú íápíìsì | ihò 2.5mm | FastPort |
| Bátìrì | BL-5B | BST-38 |
| Íńtánẹ́ẹ̀tì | EDGE | EDGE |

Ojú àwọn méjèèjì ò tóbi ju ara wọn lọ, ínṣì méjì ni. Kò sí 3G lára ìkankan; íńtánẹ́ẹ̀tì 2G ni EDGE. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà gba àkókò yín. Kò sí èyí tó máa ya fọ́tò tí fóònù olówó pọ́ọ́kú ayé ìsinsìnyí kò ní yà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orin gan-an

Ibi tí àwọn tó lo W580i ti ń fọ́nnu nìyí, wọn ò sì purọ́. Tẹ́ ẹ bá ki íápíìsì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ bọ etí, tẹ́ ẹ tan Mega Bass, ètò tó ń mú kí ìlù rinlẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìlù tó sọ̀kalẹ̀ dáadáa. Gbogbo Walkman ayé ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀ mọ́ ohùn tó dùn nínú íápíìsì. Ẹni tó ń gbọ́ jùjú, tó fẹ́ gbọ́ bí gìtá ṣe ń dá gángan lóhùn, á mọ ìyàtọ̀.

Àwọn tó lo 5300 kì í sọ̀rọ̀ íápíìsì púpọ̀, spíkà ni wọ́n ń yìn. Fóònù tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ sórí tábìlì ni, kí gbogbo ilé jọ gbọ́. Ohùn ẹ̀ kò jinlẹ̀, àmọ́ ó ròkè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n ṣe ń yí orin padà kò jọra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ojú 5300, bọ́tìnì mẹ́ta wà tó jẹ́ ti orin nìkan: ọ̀kan fún síwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún dídá a dúró àti bíbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi àtàńpàkò wá a nínú àpò kẹ́ ẹ má wo ojú ẹ̀ rárá. W580i ní tiẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnì Walkman mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ju fóònù sápá kan, orin á bọ́ sórí òmíràn. Ẹ má bẹ̀rù pé kòtò ojú ọ̀nà ni yóò máa yí orin fún yín nínú dáńfó. Tẹ́ ẹ ò bá tẹ bọ́tìnì náà, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó dùn ún fi ṣe fáàrí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbọ́ fújì, tí orin kan ṣoṣo lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í ṣe pé kó fò sórí orin mìíràn ló ń dà á láàmú. Kó sáré dé ibi tí wọ́n ti ki ẹni tó fẹ́ gbọ́ ni. Bọ́tìnì síwájú ara 5300, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò gbọ́wọ́ kúrò, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn.

Rédíò FM wà lára àwọn méjèèjì, wáyà íápíìsì ló sì máa ń ṣe eríàlì fún un. Bí kò bá sí íápíìsì, kò sí ìròyìn àárọ̀.

Íápíìsì: ibi tí wàhálà wà

Ihò 5300 kéré sí ti íápíìsì tó wà lọ́jà, 2.5mm ni, ti ọjà 3.5mm. Àdápítọ̀ kékeré ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀, kì í sì í wọ́n. Àwọn oníbàárà bínú sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé kí ló dé tí fóònù olórin ò fi ní gba íápíìsì gbogbo ayé. Wọ́n jàre. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi wé ti W580i, ìyẹn sàn.

FastPort ni W580i ń lò, ojú kan náà ló sì fi ń gba ṣájà, íápíìsì àti okùn kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ń ṣájì, ẹ ò lè ki íápíìsì sí i, àfi tẹ́ ẹ bá ní orí wáyà tó lè gba méjèèjì. Èyí tó burú jù ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣe FastPort mọ́. Sony ra ìpín Ericsson lọ́dún 2012, orúkọ Sony Ericsson sì parẹ́. Íápíìsì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, irú HPM-70, ní ihò 3.5mm láàárín wáyà ẹ̀, tẹ́ ẹ lè ki íápíìsì mìíràn sí. Ẹni tó bá rí i kó tọ́jú ẹ̀. Tí kò bá sí, ohùn tí gbogbo ayé ń yìn yẹn ò ní dé etí yín.

Mẹ́mọ́rì

Láìsí káàdì, fóònù olórin kọ́ ni ìkankan nínú wọn. Nǹkan bí mẹ́gábáìtì márùn-ún ló wà nínú 5300 fúnra ẹ̀, méjìlá ló wà nínú W580i. Orin tí wọ́n fi 128kbps tẹ̀ ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì kan fún ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n tó kí olóyè kejì nínú orin fújì, àyè ti tán.

Káàdì 2GB nínú 5300 á gba nǹkan bí wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyẹn tó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé káàdì tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí ti tóbi jù fún un. Tẹ́ ẹ bá ki 32GB sí i, kò ní rí i rárá. Káàdì àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, tàbí nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan nílé yín.

M2 ti W580i ní tiẹ̀, Sony ló ni ín, àwọn fóònù ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ń lò ó jù. Ó wọ́n ju microSD lọ látìgbà tí wọ́n ti ń tà á, àwọn tó ra fóònù náà sì kùn nípa ẹ̀ títí. 512MB ló sábà máa ń bá fóònù náà wá nínú páálí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá káàdì wà nínú ẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ wá káàdì rí ná.

Síláìdì àti bọ́tìnì

Nínú fóònù síláìdì, wáyà pẹlẹbẹ kan wà tó so ojú òkè mọ́ ara ìsàlẹ̀. Flex ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ sì pa á dé ló ń tẹ̀, bíi bébà tí wọ́n ń ká sójú ibì kan náà lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan á ya. Ojú fóònù á kàn funfun gbòò, tàbí kó máa hàn nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i dé ìdajì, kó sì kú nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i tán. 5300 gbajúmọ̀ fún àìsàn yìí. Síláìdì ẹ̀ tún máa ń dẹ̀ tó bá pẹ́, á máa mì lọ́tùn-ún lósì. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ máa ń gba ìdọ̀tí, funfun ara ẹ̀ á pọ́n.

Ti W580i, bọ́tìnì ni. Àwọn tó lò ó pẹ́ kọ ọ́ léraléra pé bọ́tìnì iwájú ẹ̀ ń sán, ọ̀dà ibẹ̀ sì ń ṣí, pàápàá èyí tó funfun. Síláìdì ẹ̀ ní tiẹ̀ dúró dáadáa ju ti Nokia lọ lójú tèmi, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ àpò ṣòkòtò. Tó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni, W580i ló gbà á. Iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa ń tàn bí orin bá ń lọ, ó sì lè ka ìṣísẹ̀ ẹni tó bá ń rìn.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni mo fi fún Nokia. Òkú 5300 pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà wa. Wọ́n á tú ọ̀kan láti fi jí òmíràn. Ẹni tó máa tú W580i ṣọ̀wọ́n, ẹ̀yà ara ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n jù ú lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní Nàìjíríà, 2G ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì á pè, wọ́n á sì gba téèsì. Síìmù ńlá ni wọ́n ń gbà. Tí tiyín bá ti jẹ́ kékeré, ẹ ra pátákó tí wọ́n ń fi síìmù bọ̀. W580i ń gba ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì 850, 900, 1800 àti 1900 (MHz), nítorí náà ibi yòówù tó bá ti wá, ẹ má ṣiyèméjì. 5300 kò rí bẹ́ẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ní 850 dípò 900, 900 yẹn sì ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa, pàápàá lẹ́yìn odi ìlú. Tòkunbọ̀ tó ní àmì T-Mobile ti Amẹ́ríkà lára, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ẹ̀yin tó wà nílùú Ọba, ó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún yín, àfi lórí Three, tí kò ní 2G rí. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù ti gbà pé 2G kò ní kọjá ọdún 2033. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, AT&T tó ta W580i fún yín ti pa 2G ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017; ẹ kà á sí ẹ̀rọ orin lásán.

Àwọn tí wọ́n lè fi tàn yín

Nokia 5200 jọ 5300 bí ìbejì, ojú ẹ̀ ò mọ́lẹ̀ tó o, kámẹ́rà ẹ̀ kò dé mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì kan. Bí kò bá sí bọ́tìnì orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀, 5300 kọ́ nìyẹn, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Nokia 5610, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, jẹ́ ẹ̀gbọ́n gidi: ó ní 3G, kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 3.15, àti bọ́tìnì kan lábẹ́ ojú ẹ̀ tí wọ́n ń tì sápá kan fún orin, sápá kejì fún rédíò. Tẹ́ ẹ bá rí i lówó tó bọ́ sí i, ẹ gbà á. LG Chocolate lẹ́wà, àmọ́ ẹ má sún mọ́ ọn. KG800, ọ̀kan lára àwọn Chocolate náà, kò ní àyè mẹ́mọ́rì káàdì rárá, bọ́tìnì ẹ̀ sì máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ bí ìka bá kàn án díẹ̀. Èyí tí Verizon, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, tà kò gba síìmù.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á

Tó bá ní titun ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Kéésìn ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ tẹ *#06#, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó jáde wé èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ bátìrì. Lórí Nokia, ẹ tún tẹ *#0000#. Lẹ́tà RM àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bá ti abẹ́ bátìrì mu. Tí kò bá bá a mu, kéésìn ẹlòmíràn ló wọ̀, tàbí kó jẹ́ Ṣáínà pọ́ńbélé. Lórí W580i, ẹ tẹ apá ọ̀tún, ìràwọ̀, òsì, òsì, ìràwọ̀, òsì, ìràwọ̀. Ojú ewé àyẹ̀wò á ṣí, ẹ lè fi dán spíkà, bọ́tìnì àti iná ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnìkan, kẹ́ ẹ máa ṣí síláìdì kẹ́ ẹ sì máa pa á dé díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ohùn ẹni náà lórí spíkà. Ẹ máa wo ojú fóònù. Bó bá fi lè ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, flex ti ń lọ. Ẹ gbé bátìrì jáde, kẹ́ ẹ gbé e sórí gíláàsì, kẹ́ ẹ yí i. Bó bá ń yí bí òòyì, ó ti wú.

Ẹni tó wà nílé tó fẹ́ fóònù tí ẹnjiníà àdúgbò lè tún ṣe, 5300 ni kó rà. Ẹni tó jẹ́ pé inú íápíìsì nìkan ló ti ń gbọ́ orin, tó sì lè rọra lo nǹkan, kó wá W580i. Tẹ́ ẹ bá sì ti fẹ́ ná W580i tí kò ní íápíìsì, tí kò ní M2, ẹ ka owó méjèèjì sílẹ̀ kúrò nínú ohun tó dá lé e kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó wọn máa ń sún mọ́ owó fóònù fúnra ẹ̀.