Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ ní Rẹ́mọ: ìwé ọkùnrin yìí mọ́, ilẹ̀ tó ń fi hàn yín ni kò sí nínú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilẹ̀ láàárín Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Alágbàtà ilẹ̀ kan wà lápá ibẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́, lọ́yà mi sì ti kì mí nílọ̀. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ. Kò tà ayédèrú ìwé fún mi o. Ojúlówó ni ìwé tó kó fún mi. Ibi tó mú mi dúró sí, tó ní "ilẹ̀ yín rèé", ni kì í ṣe ibi tí ìwé ń wí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé ìwé sọ̀fé náà, ìyẹn ìwé tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ya àwòrán ilẹ̀ àti ibi tó wà, dé ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Wọ́n ní ẹ̀dà pupa rẹ̀, èyí tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìjọba, wà lọ́wọ́ àwọn, ilẹ̀ náà kò sì sí nínú èyí tí ìjọba gbà. Mo rí olórí ẹbí tó ń tà á, òun àti àgbà ìdílé mẹ́ta buwọ́ lùwé lójú lọ́yà, torí mo ti gbọ́ pé bí ọmọ ilé kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Mo san 2.5 mílíọ̀nù náírà. Ẹbí yẹn ò purọ́, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ilẹ̀, ilẹ̀ wọn náà ni wọ́n tà. Ṣùgbọ́n wọn ò bá wa dé orí rẹ̀. Bàbá ní orúnkún ń dun òun, alágbàtà ní kí wọ́n má yọra wọn lẹ́nu, òun á mú mi lọ.

Ọjọ́ Àìkú ló mú mi lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, nígbà tí gbogbo ará àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí ẹní, ó gbẹ, kò jìnnà sí títì. Bíkìn mẹ́rin, òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí igun ilẹ̀, wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà ara wọn sì bá ti inú ìwé mu. Yẹ̀pẹ̀ ìdí ọ̀kan nínú wọn rọ̀, ó pupa ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ó mì. Mo bi í pé kí ló dé. "Màámi, màlúù ló kọlù ú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un rì ni." Mo gbà á gbọ́. Ó ti ń sọ fún mi nígbà náà pé pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n kọ́ sí apá Ìlíṣàn àti Ìperu ti gbé owó ilẹ̀ sókè, pé ẹlòmíì ń bọ̀ wá san tiẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn igi obì orí ilẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, obì ni ìyá mi tà ní Ṣàgámù títí ó fi darúgbó. Mo rí i pé àwọn igi náà tò lẹ́sẹẹsẹ, bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì náà ni èkejì jìnnà sí ẹ̀kẹta. Obì ò lè hù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló gbìn ín. Èmi náà ni mo sanwó fún agégi tó gé 11 lulẹ̀. Ọjọ́ yẹn, bàbá àgbẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá dúró, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lọmọ Tíṣà?" Mo ní rárá o, èmi ni mo ra ilẹ̀. Ó wò mí, ó wo igi tó wà nílẹ̀, ó ní "Ó dáa," ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò tiẹ̀ bi í pé ta ni Tíṣà.

Lóṣù kẹjọ, búlọ́ọ̀kù ti ga kọjá fèrèsé. Bíríkìlà pè mí pé obìnrin kan jókòó sórí òkìtì yanrìn, kò jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́. Mo rò pé ajagungbalẹ̀ ló rán an. Mo tilẹ̀ ń fi òfin tí ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe lọ́dún 2016 lórí àwọn ajagungbalẹ̀ dẹ́rù bà á lórí fóònù, pé mo máa kó ọlọ́pàá wá. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọmọ Tíṣà ni, Ìlọrin ló ń gbé, ìwé sọ̀fé bàbá rẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀.

Lọ́yà ní kí n mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí kò mọ alágbàtà náà rí wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó tẹ nọ́ńbà inú ìwé mi tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà gan-an sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rò pé á dúró lẹ́bàá ilé mi. Ó kọjá ilé. Ó kọjá oko ẹ̀gẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ inú àbàtà lọ títí omi fi dé agbede ojúgun rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Màámi, ibí ni ilẹ̀ yín."

Ìyẹn lọgbọ́n tó ń dá. Ó ń bá ẹbí tó ní àbàtà ṣe, ó ń tà á bí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń ri bíkìn tó ní nọ́ńbà àbàtà sórí ilẹ̀ gbígbẹ ẹlòmíì, á wá fi ìyẹn hàn yín. Ìwé àbàtà ò ní wàhálà kankan, bí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà ọgọ́rùn-ún, á máa mọ́ ni. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹbí, wọ́n ní, "Ilẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ gbà á." Kí ni mo fẹ́ wí?

Ní ti ilé, lọ́yà ò fi dídùn sọ ọ́ fún mi. Lójú òfin, ohun tí èèyàn bá kọ́ mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá lọ, ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ín. Pé mi ò mọ̀ ò sọ ọ́ di tèmi. Ohun tí ì bá ràn mí lọ́wọ́ ni kí onílẹ̀ ti rí mi látìbẹ̀rẹ̀ kó dákẹ́, kó máa wòran títí mo fi náwó tán. Ilé ẹjọ́ lè tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì tó gbọ́ ló ti dé. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ọ̀nà 5 tí èèyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bó ṣe dọ́wọ́ ẹbí, ìwé, lílò ó bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹyọ kan péré tó. Mẹ́ta ni obìnrin yìí ní. Kùkùté obì bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé mi, ẹ̀rí tí mo fọwọ́ ara mi gé sílẹ̀ fún un.

Adájọ́ ní Ṣàgámù ti ní kí n má fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. A ń bẹ ọmọ Tíṣà pé kó ta ilẹ̀ náà fún mi ní iye tó ń lọ báyìí, pẹ̀lú owó obì. Kò tíì gbà, mi ò sì lè bínú sí i. Ọ́fíìsì alágbàtà ti di ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

Ó ṣì ń tà á o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi fọ́tò ilẹ̀ tí wọ́n ń polówó ránṣẹ́ sí mi, mo rí oko ẹ̀gẹ́ yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀, ẹ mú wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ẹ fúnra yín wá, kó fi nọ́ńbà inú ìwé yín wá ilẹ̀ náà kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ bi àwọn tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ ta ni. Ẹ̀yin tó ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti kọ́lé, ẹ kàn sí mi níbí, ká jọ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Àwa mẹ́ta la ti wà.