Àtíbàbà ọparun tí wọ́n tò sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa n'Ìkẹ́rẹ́

Ó tó owó rẹ̀. Mo fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí àwọn òbí àti olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kò yé bi mí bóyá àtíbàbà ọparun wa tó iye tí a san lé e. Ohun kan ṣoṣo ni mo bá àwọn tó kọ́ ọ wí lé lórí, mi ò sì ní fi bò, nítorí ó lè ba gbogbo iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe jẹ́.

Àtíbàbà náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó gùn ní 30, kò sì ní ògiri. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń jẹun lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn SS1 ní iṣẹ́ ọ̀gbìn nígbà tí kíláàsì bá gbóná. Ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti gé gbogbo ọparun rẹ̀, wọ́n ti lu ihò bóòtì sí i, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbé e wá. Ìpìlẹ̀ kọnkéré ti gbẹ dè wọ́n. Ṣe ni wọ́n ń wo nọ́ńbà, tí wọ́n ń tò ó. Kò sí òkìtì yanrìn lójú ọ̀nà, kò sí pákó oníṣòó tí ọmọ lè tẹ̀. Iye tí wọ́n gbà dín sí iye tí àwọn bíríkìlà kọ fún wa lórí irú àyè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni owó ọkọ̀.

Nígbà tí a dá a lábàá ní ìpàdé PTA, bàbá kan dìde, ó ní ọparun ni wọ́n fi ń gbé dẹ́kìn ró, tí wọ́n sì ń jù ú nù tí dẹ́kìn bá ti gan, ṣé abẹ́ ìyẹn la fẹ́ kó ọmọ sí? Mi ò dá a lẹ́bi. Ọparun tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bambusa vulgaris, oúnjẹ kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e lónìí tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún 1 sí 3 ti tó fún un láti jẹrà tàbí kí ikán jẹ ẹ́ tán. Síbẹ̀, ní erékùṣù Bali ní Indonéṣíà, Green School ti ń kọ́ ọmọ lábẹ́ ilé ọparun láti ọdún 2008. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí ọparun kí wọ́n tó fi kọ́lé ló ń mú ìyàtọ̀ wá, èmi àti akápò PTA sì lọ fojú ara wa rí i ní ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó ti lo ọdún 3 sí 5 ni wọ́n ń gé, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń gé e, nígbà tí oúnjẹ tí kòkòrò ń wá nínú rẹ̀ dín kù. Ọ̀gá ibẹ̀ fi bí a ṣe ń mọ èyí tó gbó hàn wá: èyí tí kò tíì gbó ń dán, ó ní lẹ́búlẹ́bú funfun lábẹ́ oríkèé, èyí tó gbó ti ní àbàwọ́n lára, bí ẹ bá sì kàn án, ohùn rẹ̀ á le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irin gígùn lu gbogbo oríkèé já láti inú, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n po bórásì àti boric acid sí, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Bí wọn kò bá lu oríkèé já, omi náà ò ní dénú, torí èèpo ọparun kì í jẹ́ kí omi wọlé. Mo rí ọparun nínú kòtò omi náà, mo sì rí èyí tí wọ́n kó sábẹ́ ibòji kó rọra gbẹ. Ohun tí a sanwó fún gan-an nìyẹn. Dídán ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè fi fáníṣì ṣe é.

Ẹsẹ̀ òpó kankan kò kan ilẹ̀. Orí kọnkéré tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ ni wọ́n jókòó lé, irin tó yọ jáde nínú kọnkéré wọ inú òpó, wọ́n wá rọ sìmẹ́ǹtì yí irin náà ká. Ikán tó bá fẹ́ gùn ún, a ó tètè rí ipa rẹ̀ lára kọnkéré. Wọn ò kan ìṣó mọ́ ibi tó ń gbẹ́rù, torí ìṣó máa ń la ọparun. Bóòtì àti wáṣà ńlá ni wọ́n fi dè é. Ibi tí ọ̀kan ti gorí èkejì, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ẹnu ẹja kó lè gbá tìsàlẹ̀ mọ́ra.

Etí òrùlé ló dá asọ̀ sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, páànù yọ ju òpó lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ní ẹ̀gbẹ́ kẹrin, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni. Wọ́n ní kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé ni. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló kọjú sí ìlà-oòrùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ará Èkìtì ló mọ̀ pé láti ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ń já bọ̀. Òjò àkọ́kọ́ na òpó méjì láti ìdí dé àyà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òjò ò lè ṣe ọparun tí wọ́n ti rẹ. Omi ló gbé bórásì wọlé, omi náà ló ń fọ̀ ọ́ jáde, kòkòrò á sì tún ráyè. Wọ́n ní ká san owó páànù tí wọ́n máa fi kún un, pé àwọn á fi owó iṣẹ́ jìn wá. A san án, wọ́n sì ṣe é, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé àwọn ló yẹ kó ru gbogbo rẹ̀.

Wọn ò sì sọ fún wa pé ọparun máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Àwọn bóòtì tú díẹ̀. Káfíńtà wa fi sípánà fún wọn padà. Ìtì àjà kan sán gbọọrọ nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọyì nọ́ńbà ara wọn: B7 la pè fún wọn lórí fóònù, B7 mìíràn ni wọ́n gbé wá, ihò bóòtì rẹ̀ sì ṣe rẹ́gí láìtú òrùlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé etí òrùlé kò gbọdọ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà 3 yíká, pé wọ́n á sì padà wá fún bóòtì lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́. Àwa ti ń gbèrò èkejì, fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a jọ ń lo ọgbà. Ọwọ́ àwọn kan náà la ó gbé e fún, ṣùgbọ́n akápò ti ní òun ò ní san kọ́bọ̀ kan kí òun tó rí ọparun nínú omi.