Kòtè, ẹdọ̀ adìyẹ àti edé ọjà Ouando: èwo ló yẹ fún ìpápánu ológbò?

Ẹni tó fẹ́ ṣe ìpápánu fún ológbò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kò ní láti retí nǹkan kan láti òkè òkun. Gbogbo èlò rẹ̀ wà lọ́jà Ouando. Ibi tó le ni yíyan èlò, nítorí pé èyí tó ń ta sánsán jù lórí àtẹ, tí ológbò máa ń sáré sí, ni kò dára fún un.

Kòtè inú yìnyín la fi ṣe àkọ́kọ́: 9 nínú 10. Ẹran ara rẹ̀ pọ̀, kò wọ́n bí ẹja ọ̀sà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi iyọ̀ pa á. Ohun tó gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni yíyọ́. Bí iná bá lọ tí ẹja náà yọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó tún un dì, kòkòrò tí ojú kò rí ti da histamine, èròjà tó ń fa àìsàn, sílẹ̀ nínú ẹran rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè sè é tí yóò kúrò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí: bí omi ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀ bí òkúta, tí àwọn ẹja wọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n ti yọ́ rí. Bí ikùn rẹ̀ bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Kòtè odidi 500 gíráàmù máa ń fúnni ní nǹkan bíi 250 gíráàmù ẹran lẹ́yìn tí a bá ti yọ orí, ìfun, awọ àti egungun. Ẹ yọ ìfun àti ìjàgbọ̀n rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bu omi dé ìdajì ara ẹja nínú ìkòkò, ẹ dé e, kí ẹ sì fi iná jẹ́jẹ́ sè é fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí magí. Àlùbọ́sà àti aáyù ńkọ́? Rárá o! Wọ́n ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ sísè tàbí lílọ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi lé magí jìnnà, nítorí ìyẹ̀fun àlùbọ́sà wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fún un ní ẹja tútù: èròjà kan wà nínú àwọn ẹja mìíràn tó ń pa fítámì B1, iná ló ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ẹ má da omi ẹja nù. Taurine, èròjà inú ẹran àti ẹja tí ológbò kò lè ṣe tó fúnra rẹ̀, máa ń yọ́ sínú omi tí a fi se ẹran. Láti 1987 ni ìwádìí ti fi hàn pé àìtó rẹ̀ ń sọ ọkàn ológbò di aláìlágbára. Ẹ gbé omi náà padà sórí iná títí yóò fi kù ṣíbí ọbẹ̀ 2.

Ara kòtè ní ìpẹ́ líle kan tó tò bí ayùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí dé ìrù. Bó bá wọ inú ìpápánu, ó lè gún ọ̀fun ológbò. Ẹ bó awọ náà kúrò pátápátá, ẹ fi ìka tẹ ẹran náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ lè rí egungun wẹ́wẹ́. Ẹ wá po ẹran 250 gíráàmù mọ́ ẹyin 1, ìyẹ̀fun ìrẹsì 60 gíráàmù àti omi ẹja yẹn. Ẹ má fi ṣúgà sí i, ológbò kò mọ adùn rẹ̀. Ẹ gé e sí bíi 140, kí ìkọ̀ọ̀kan tó èékánná àtàǹpàkò. Ààrò gáàsì ní 150 °C, ìṣẹ́jú 25, lẹ́yìn náà ẹ pa iná, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi wọ́n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí i. Ẹni tí kò ní ààrò lè da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin, kó gbé àwo lé e, kó sì dé e lórí èédú tí kò jó fòò.

Bó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, ìyẹ̀fun yẹn kò kúná tàbí ẹyin kéré. Bó bá gbẹ lóde tó sì rọ̀ nínú, iná ti pọ̀ jù, yóò sì hu ewú kíákíá nínú ooru Àjàṣẹ́. Ọjọ́ 5 ni inú fíríìjì, oṣù 2 ni fírísà.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní nǹkan bíi kálórì 5. Ológbò oníkílò 4 ń fẹ́ 200 sí 250 lójúmọ́, ìpápánu kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà 4 tó.

Ẹdọ̀ adìyẹ: 7. Ológbò fẹ́ràn rẹ̀ ju kòtè lọ, fítámì A inú rẹ̀ ni kò jẹ́ ká fún un ní máàkì jù bẹ́ẹ̀. Bó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, egungun ọrùn ológbò lè so pọ̀ kó má lè yíjú mọ́. Èkìrí kékeré kan lọ́sẹ̀ kan, tí a sè, ó tó.

Edé gbígbẹ: 5. Ó dára bí ohun tí a ń wọ́n lé oúnjẹ, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 30, ẹ da omi náà nù nítorí iyọ̀, ẹ yọ orí àti imú ṣóṣóró rẹ̀, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Ìdajì ṣíbí tíì ló yẹ kó wọ inú àpòpọ̀ òkè yìí.

Lanhouin, ẹja oníyọ̀ tí a jẹ́ kó kan, kò rí máàkì gbà. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìwọ̀nba tó ń mú ọbẹ̀ wa dùn ti pọ̀ ju ohun tí ológbò lè gbà.

Ẹ̀yin tó wà ní Kétu àti Sábẹ, níbi tí kòtè rere kì í wà ní gbogbo ọjọ́, ẹ fi igẹ̀ adìyẹ ìbílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹran rẹ̀ gbẹ ju ti kòtè, nítorí náà omi rẹ̀ yóò jẹ́ ṣíbí 4, ìyẹ̀fun 50 gíráàmù.