Irúgbìn àti ọmọ igi tí mò ń rà láti ọ̀nà jíjìn wá sí Ìkòròdú: èyí tó tọ́ sí owó yín àti èyí tí kò tọ́ sí i

Irúgbìn gbígbẹ, ẹ máa rà á láti ibikíbi, bí ẹni tó ń tà á bá ti ń kọ ọjọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Ọmọ igi tó ní ewé lórí, ẹ wá a sí ìtòsí. Ohun tí mo rí nìyẹn nínú ọjà yìí, èmi tí mò ń dáko ẹ̀yìnkùlé ní Ìgbógbó, tí mo sì ń rajà lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn, ará Èkó àti ará Ẹ̀pẹ́ láìjẹ́ pé a fojú kanra.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí: olùtajà á gbé àwòrán ọjà rẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn mìíràn á ní kátálọ́ọ̀gì gidi tó to ẹ̀fọ́, ata, èso àti òdòdó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ó yan tiyín, ẹ ó sanwó sí àkáǹtì, wọ́n á sì fi ẹrù sọ́kọ̀. Èyí tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sínú ọkọ̀ tó gba Ṣàgámù, tó máa já sí Ògíjo àti Odògúnyàn. Bó bá gba Ọjọ́ta, ẹrù á tún gba Máìlì 12 padà wá bá wa, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ibẹ̀ lọ́sàn-án mọ ohun tí ooru lè ṣe sí ewé tútù nínú búùtù ọkọ̀. Owó wébíìlì náà kì í ṣe kékeré. Fún ọ̀rá irúgbìn kan, ohun tí awakọ̀ máa gbà lè ju owó irúgbìn fúnra rẹ̀ lọ. Èmi àti àwọn ìyá méjì tá a jọ ń gbin nǹkan ládùúgbò máa ń da owó pọ̀, a ó rà á lẹ́ẹ̀kan náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ata rodo, tàtàṣé, tòmátì, kùkúńbà àti ilá tí mò ń rà lọ́wọ́ olùtajà kan ní Ìbàdàn dùn mọ́ mi gidigidi. Inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ń wà. Orúkọ irú rẹ̀ wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ìdìpọ̀ wà níbẹ̀, oṣù tí wọ́n dán an wò, iye tó hù nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìgbà tí agbára rẹ̀ máa tán. Ẹ má fojú kékeré wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa irúgbìn, àwa tá a wà létí ọ̀sà sì ní méjèèjì lọ́pọ̀ yanturu. Irúgbìn inú abọ́ tí oòrùn ń pa lọ́jà, tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ń wọ̀, mo lè fara mọ́ ọn fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò. Fún ata tí mo fẹ́ tà, rárá.

Kátálọ́ọ̀gì tó dáa tún máa ń kọ lẹ́tà sẹ́yìn orúkọ tòmátì. Roma VF tí gbogbo wa mọ̀, V àti F yẹn dúró fún Verticillium àti Fusarium, àrùn méjì tó ń ti inú ilẹ̀ wọ gbòǹgbò tí igi á fi rọ tí á sì kú. Bí N bá wà níbẹ̀, ó ń sọ pé irú tòmátì náà lè dúró níwájú àwọn aràn tíntìntín inú ilẹ̀ tó ń mú kí gbòǹgbò ta kókó. Ẹ̀yìnkùlé kò tóbi, a kì í ríbi ṣí lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣàárẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá N. F1 ní tirẹ̀ ń sọ pé òbí méjì tó yàtọ̀ ni wọ́n fi mú irúgbìn náà jáde. Ó ń so wọ̀ǹtìwọnti, àmọ́ bí ẹ bá yọ hóró inú èso rẹ̀ gbìn, ọmọ kì í jọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú irúgbìn tirẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kí ó ra èyí tí kì í ṣe F1. Olùtajà Ìbàdàn yìí máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Òmíràn tí mo rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó, àfìgbà tí mo béèrè kó tó sọ.

Kí n tó da irúgbìn tuntun sílẹ̀, màá ka hóró mẹ́wàá sínú tíṣù tútù, màá fi ọ̀rá wé e, màá gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilá á ti yọ gbòǹgbò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ata máa ń pẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mẹ́jọ bá hù, ó dáa. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á. Èsì tó bá fún mi lórí fọ́tò yẹn ni mo fi ń mọ̀ bóyá màá tún bá a rajà. Ti Ìbàdàn fi òmíràn rọ́pò láìbá mi jiyàn. Ewédú nìkan ni kí ẹ yọ sílẹ̀ nínú ìdánwò yìí: èèpo rẹ̀ yi, bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná gbà á fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù, ẹ̀bi olùtajà sì kọ́ nìyẹn.

Òfin ń bẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí o. NASC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó irúgbìn, òfin ọdún 2019 ló sì fún un lágbára tó ní lónìí. Òun ló ń fún àwọn oníṣòwò irúgbìn níwèé àṣẹ, òun náà ló gbé àmì SeedCodex jáde, èyí tí a ń họ lára ìdìpọ̀ kí a lè fi kóòdù rẹ̀ wádìí bóyá ojúlówó ni. Mo máa ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí n kò bá rajà rí. Ẹni tó ń ṣòwò òtítọ́ kì í bínú sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ni ti àwọn tó ń ta ohun tí kò lè hù láyé. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ rẹwà jù nínú gbogbo wọn ń ta kóró píà, kóró máńgòrò àti kòkó gbígbẹ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn irúgbìn wọ̀nyí kò rí bíi ti ata: bí wọ́n bá ti gbẹ, wọ́n ti kú. Úgù náà wà lára wọn, inú èso rẹ̀ ló yẹ kí hóró wà títí dìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín. Ẹni yìí kan náà tún ní sitọbẹ́rì aláwọ̀ búlúù àti róòsì tó ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè. Kò sí irúgbìn tó ń mú irú wọn jáde níbì kankan, kọ̀ǹpútà tàbí aró ló kùn wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti sanwó fún un kí ó tó sọ fún mi, ohun tó gbìn kò sì yọjú. Ìyá arúgbó ni, owó ẹ̀fọ́ tó tà ló kó síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú èyí sí àgbẹ̀, ó ń gba àsìkò òjò lọ́wọ́ rẹ̀, owó nìkan kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń kó kátálọ́ọ̀gì ti ibẹ̀ pamọ́ fún mi, ti Burpee tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1876, àti ti Baker Creek tó wà ní Missouri, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tó sì gbájú mọ́ irúgbìn àtayébáyé. Mo fẹ́ràn wọn. Bó ṣe yẹ kí olùtajà máa ṣàlàyé ọjà rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ẹ wo àlùbọ́sà: wọ́n pín in sí ti ọ̀sán gígùn àti ti ọ̀sán kúkurú. Ti ọ̀sán gígùn kì í tadí àfi bí ojúmọmọ bá tó nǹkan bíi wákàtí 14, tiwa níbí kì í sì í jìnnà sí wákàtí 12 yípo ọdún. Bí ẹ ṣe wù kí ẹ bu ìgbẹ́ adìẹ sí i tó, ewé lásán ni ẹ ó rí.

Wọ́n tún máa ń fi igi eléso ránṣẹ́ láìsí erùpẹ̀ kankan nídìí rẹ̀, igi náà á sì débẹ̀ láàyè. Òtútù ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: ní àsìkò òtútù, igi wọn á wọ́wé, á sùn, kò sì ní mọ̀ pé wọ́n gbé òun rìn. Igi tiwa kì í sùn. Oṣù gbogbo ni ewé máńgòrò àti ti ọsàn ń fa omi, bí gbòǹgbò bá ti já, gbígbẹ ló kù. Mo rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ olùtajà wa kò tíì rò jinlẹ̀ nìyí kí wọ́n tó máa fi ọmọ igi sọ́kọ̀.

Ẹ má sì ní kí ẹbí yín ki irúgbìn bọ àpò wá láti òkè òkun. NAQS, àjọ tó ń ṣọ́ àrùn ọ̀gbìn lẹ́nubodè, ń béèrè ìwé àṣẹ ìkówọlé, ilẹ̀ tí irúgbìn ti ń bọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fún un níwèé ẹ̀rí pé kò lárùn. Lọ́dún 2020, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rí irúgbìn tí wọn kò rà gbà nínú lẹ́tà, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àmì Ṣáínà lára, ìjọba wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín.

Ó wá ku ọmọ igi. Máńgòrò lílọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n so orí igi kan mọ́ ìdí òmíràn, tí mo rà lórí fóònù dé pẹ̀lú ewé tó ti rọ, erùpẹ̀ ti dà nù, gbòǹgbò wà níta. Èyí tó burú jù ni pé wọn kò lọ́ ọ rárá. Igi tí wọ́n lọ́ máa ń ní àpá lápá ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti so orí mọ́ ìdí. Èyí gún gbọnrangandan látòkèdélẹ̀. Lílọ́ lè so lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin. Èyí tó hù láti inú kóró máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ kò sì mọ irú èso tí yóò so. Mo kọ̀wé sí olùtajà, ó ní àpá náà ti jinná ni. Kò dáhùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Báyìí, àwọn tó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì ládùúgbò wa ni mò ń lọ bá, màá fọwọ́ kan àpá kí n tó sanwó. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ lè lọ sí NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé igi rẹ̀ bọ̀. Ti ìbẹ́pẹ, ẹ má ra ọmọ igi kan ṣoṣo, nítorí kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ akọ yàtọ̀ sí abo kó tó yọ òdòdó. Mẹ́ta ni mò ń fi sójú kan, akọ ni màá fà tu.

Àmọ́ àwọn ohun tútù kan ń bẹ tó lè rìnrìn àjò. Ọmọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí mo rà láti Ẹ̀pẹ́ dé nínú àpò, láìsí erùpẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ló gbẹ, gbogbo rẹ̀ ló sì mú. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi ẹ̀gẹ́ náà lè dúró bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ sọ fún olùtajà kó gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kó sì bó ìdí rẹ̀ funfun kó tó fi ránṣẹ́, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àti aràn tó ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Fún òjò àrọ̀kúrò, tòmátì tó ní N, ata rodo àti kùkúńbà ni mo fẹ́ rà láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá wà ní Ìgbógbó, Bàyékù tàbí Ìjẹ̀dẹ́ tó fẹ́ kí á jọ da owó wébíìlì pọ̀, kó tètè sọ kí oṣù yìí tó parí.