Pánṣẹ́kẹ́ tàbí amúnútutù: kí ẹ tó fowó ra èyíkéyìí sí ọgbà yín

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun máa ń bi mí pé igi wo ni kí àwọn gbìn tí yóò fún àwọn ní ibòòji. Èmi náà á bi wọ́n pa dà: ibòòji ìgbà wo? Èyí tí ẹ ń fẹ́ lọ́dún yìí kò sí lórí igi kankan nínú àwọn tí olódòdó etí títì kó sínú ọ̀rá dúdú. Ẹ máa dúró dè é ni.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi wéra: pánṣẹ́kẹ́, igi tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí flamboyant, àti amúnútutù, ẹ̀fọ́ tó máa ń fà. Ẹ lè ní mo ń fi màlúù wé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ojú ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ olùrà fẹ́ gbìn wọ́n sí, ìyẹn iwájú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sí.

Àyè tí wọ́n ń gbà

Láti Madagásíkà ni pánṣẹ́kẹ́ ti wá. Kì í ga títí. Bíi mítà 10 sí 12 ló sábà máa ń mọ, àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ a máa tẹ́ rẹrẹ bí agboòrùn, débi pé fífẹ̀ rẹ̀ lè ju gíga rẹ̀ lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 15 lọ. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìbú yẹn, bẹ́ẹ̀ ni a ò tíì kọ́lé sí i. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì wá ńkọ́? Aládùúgbò ni yóò máa jókòó sábẹ́ igi tí ẹ fowó rà, òun náà ni yóò sì máa gbá ewé rẹ̀.

Ti òkè nìyẹn. Ti ilẹ̀ ló le jù. Gbòǹgbò pánṣẹ́kẹ́ kì í rìn jìn, ìtòsí ojú ilẹ̀ ló máa ń gbà. Ó ń gbé interlock sókè, ó ń la fẹ́ǹsì, ó sì ń wá omi lọ sí soakaway. Koríko pàápàá kì í fẹ́ hù dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá máa gbìn ín, ẹ jẹ́ kó fi nǹkan bíi mítà 10 jìnnà sí ilé, fẹ́ǹsì àti soakaway. Bí ẹ kò bá ní mítà 10 náà, ẹ lè dá ìwé yìí dúró níbí, kí ẹ lọ ra amúnútutù.

Amúnútutù kò béèrè ju ẹsẹ̀ bàtà kan ilẹ̀ lọ, ike kun àtijọ́ tí a dá ihò sí nídìí pàápàá tó o. Òkè ló ń lọ. Tó bá rí ohun tó máa gùn, ó lè fà tó mítà 9. Ẹ fi ọ̀pá gbé e ró bí ẹ ti ń ṣe fún iṣu, tàbí kí ẹ na okùn láti ilẹ̀ dé òkè fèrèsé. Okùn tín-ín-rín ni mo kọ́kọ́ lò, ni òjò ńlá kan bá rọ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀fọ́ náà ti wó lulẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, omi ló kún inú rẹ̀, ó wúwo ju bí ó ti rí lójú lọ. Ọparun ni mo ń lò báyìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa sọ òótọ́

Ohun tí àwọn tó ń ta pánṣẹ́kẹ́ kì í sọ fún oníbàárà rèé: ó máa ń wọ́wé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú janjan, ìgbà tí orí páànù ń jó, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ máa sá sí, ìgbà yẹn gan-an ni igi ibòòji yín lè dúró ní ìhòòhò, tí èso rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì á máa rọ̀ dirodiro bí idà. Inú àwọn ọmọ ilé máa ń dùn sí i nítorí bí kóró inú rẹ̀ ti ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Tí òjò bá wá ń sún mọ́lé, gbogbo orí rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, ewé á sì yọ pa dà. Mi ò tíì rí igi mìíràn tó lẹ́wà tó o ní àsìkò yẹn. Níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn kò bá ti le, ó lè dá ewé díẹ̀ sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ amúnútutù. Bí omi bá ti wọ́n ọn, ewé rẹ̀ á kéré, á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, á so èso dúdú wínníwínní tí omi rẹ̀ máa ń kun aṣọ ọmọdé bí àlùkò. Àmọ́ ẹ̀fọ́ yìí gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Omi àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹ tẹ́ sí ìdí rẹ̀, ó máa dá a sí. Kò sí garawa omi tó lè bẹ pánṣẹ́kẹ́ ńlá kó má wọ́wé.

Ọdún mélòó, oṣù mélòó

Pánṣẹ́kẹ́ tí wọ́n gbìn láti kóró lè lo ọdún 5 kó tó tanná àkọ́kọ́, ó sì lè tó 10. Amúnútutù tí ẹ fi igi rẹ̀ gbìn, láàárín oṣù kan sí méjì ẹ ti ń já a sọ́bẹ̀. Láti kóró, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kún un.

Nítorí náà, ayálégbé tó ń ra pánṣẹ́kẹ́, mi ò mọ ẹni tó ń rà á fún. Lánlọ́ọ̀dù ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ní Èkó, ẹ ò lè kàn gbé áàké ti igi ńlá láìgbàṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìgbafẹ́. Ẹni tó bá gbìn ín sí ibi tí kò yẹ yóò sáré kiri kó tó lè gé e.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á

Ẹ̀tàn wà nídìí pánṣẹ́kẹ́. Èmi alára ra ọ̀kan, mo tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀, ó wá tanná nígbà tí kò tíì ga ju èmi lọ. Inú mi dùn títí ẹnìkan fi sọ fún mi pé Pride of Barbados ni. Ìyẹn náà dára lójú, ṣùgbọ́n igi kúkúrú ni, kò lè ṣíji bo ewúrẹ́ méjì. Ewé méjèèjì jọra nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ẹ fọwọ́ ra igi rẹ̀: Pride of Barbados sábà máa ń ní ẹ̀gún káàkiri, pánṣẹ́kẹ́ kò ní. Ewé pánṣẹ́kẹ́ sì kéré jù, ó pọ̀, ó tò bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ wo ìdí ọ̀rá náà pẹ̀lú. Bí gbòǹgbò bá ti ń yí po nínú ọ̀rá bí okùn, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹ kò bá fẹ́ náwó rárá, ẹ ṣa kóró rẹ̀ lábẹ́ igi ilé ìwé kan. Èèpo rẹ̀ le. Ẹ da omi gbígbóná lé e, kó wà nínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó gbìn ín.

Ti amúnútutù rọrùn débi pé ojú máa ń tì mí láti pè é ní rírà. Ẹ lọ sọ́jà, ẹ ra ìdì kan, ẹ já ewé rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ gé igi tó kù ní oríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ki í bọ inú ilẹ̀ tútù kí oríkèé méjì wọlẹ̀. Aláwọ̀ ewé wà, elése àlùkò náà wà. Ti èkejì ni mo fẹ́ràn lójú fèrèsé, nítorí ó dà bí òdòdó. Ẹ má ra èyí tí àmì róbótó tí etí rẹ̀ pọ́n bá wà lójú ewé rẹ̀, àrùn nìyẹn. Ẹ má sì gbìn ín síbi tí gbòǹgbò tòmátò tàbí ilá yín ti wú kókókó rí, kòkòrò inú ilẹ̀ tó fa wíwú yẹn ń jẹ òun náà.

Ní ti jíjẹ, ó ń yọ̀, bí ẹ kò bá fẹ́ràn ọbẹ̀ yíyọ̀ ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Ẹ̀gúsí ni mo máa ń fi sí. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, kó béèrè kó tó sọ ọ́ di ẹ̀fọ́ ojoojúmọ́, nítorí oxalate, èròjà tó lè dá kún irú òkúta bẹ́ẹ̀, pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, tó sì fẹ̀ dáadáa, lè ra méjèèjì: pánṣẹ́kẹ́ lọ sí ìkángun ilẹ̀, amúnútutù sójú fèrèsé. Kí ẹ ṣáà má gbìn wọ́n sídìí ara wọn. Ẹ̀fọ́ náà á gun igi kékeré yẹn, á bo orí rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ wọ́. Ẹ fún un ní ọparun tirẹ̀.